Kantíkantí Inú Ìgò Mílíìkì

Ọdún tí mo máa jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa sin kantíkantí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kantíkantí gan-an ni, èyí tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Mo ní àwọn olójú pupa, mo ní àwọn olójú funfun. Mo ń kó wọn pọ̀ sínú ìgò mílíìkì tí mo fi òwú dí lẹ́nu, wọ́n ń bímọ, mo ń ka ọmọ, mo ń ka ọmọ-ọmọ, kí n lè mọ bí ojú funfun ṣe ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọkùnrin. Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sábó ní kí n wá kó ti ilé ìdáná òun lọ́fẹ̀ẹ́, kí n yéé da ara mi láàmú.

Ògì tí a fi ṣúgà sí ni wọ́n ń jẹ. Bàbá tó ń fọ ìgò ní láàbù ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rò ó, torí tèmi máa ń ní kókó. "Ọmọge tí ò mọ ògì í rò, òun ló fẹ́ di dókítà!" Dókítà náà ló sì ń pè mí láti ọjọ́ náà lọ. Ìjẹ̀ṣà ni, kò mọ̀wé, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn mọ́ láàbù yẹn. Oṣù méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, kó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo jókòó ti awò tí a fi ń wo ohun kéékèèké, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Gọ́tà kan wà lẹ́yìn fèrèsé tí kò gbẹ rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀fọn yìí máa pa mí kí n tó gboyè o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i." Mo sọ ọ́, mo gbàgbé.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òórùn oògùn ẹ̀fọn gbá mi nímú. Mo sáré débi ìgò. Yéè! Gbogbo wọn ti kú, wọ́n wà lórí ògì bí ata gígún. Bàbá wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, mo ti bá ọ ṣẹ́gun wọn. Mo wá fọ́n ọn lánàá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì." Ó rò pé òwú ẹnu ìgò náà tó láti dá oògùn dúró.

Inú bí mi gidigidi. Ì bá sàn ká ní mo pariwo mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ni mo gbà lọ tààrà. Ó ní bí n ò bá lè sọ ohun tó pa wọ́n, òun ò lè fi ọjọ́ kún àkókò iṣẹ́ mi, màá tún ọdún náà ṣe ni. Mo ní Bàbá ló fọ́n oògùn ẹ̀fọn.

"Ta ló ní kó fọ́n ọn?"

Mo ní n ò mọ̀.

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, ó sì bá mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún kantíkantí tuntun.

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá gbé àpòòwé kan wá bá mi. Kò bá ẹlòmíì sọ ọ́. "Dókítà, bá mi ka lẹ́tà yìí, kóo sì bá mi fèsì sí i." Wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ni iṣẹ́ náà ní òun ò mọ ẹni tó rán an. Mo fo ìlà yẹn.

Ó ká lẹ́tà náà padà sínú àpòòwé. "Kọ ọ́ pé orí ara mi ni mo fi ṣe é. Má kọ ọ́ pé ìwọ lo ní kí n wá nǹkan ṣe sí ẹ̀fọn o. Wọn ò ní fún ọ níwèé ẹ̀rí."

Gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà á là. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí di òní, ṣùgbọ́n ohun tó ní kí n kọ náà ni mo kọ. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n kọ, sísàlẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi pé n ò ní ṣe é tì. Mo ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n lé e, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Èmi gboyè. Nígbà tí wọ́n ń dán mi wò, àwọn ọ̀gá yìn mí pé n ò fi irọ́ kankan kún iye kantíkantí tí mo kà.