Ìró Ìkòkò ní Abà Wa Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: èmi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún nítorí ẹranko. Oko iṣu lẹ́yìn Kambolé, ìlú wa, ni mo ti dàgbà, mo sì ti di ẹsẹ̀ àgbò mú fún bàbá mi láìmọye ìgbà kí ó tó dú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá yìí ò tíì kúrò lára mi. Inú ń bí mi sí gbogbo wa, inú sì ń bí mi sí ara mi jù.

Ní ilé wa, ajá kì í wọ àgbàlá. Ilé tí wọ́n ti ń kírun ni, màláíkà kì í sì í wọ ilé tí ajá wà. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ náà wí. Síbẹ̀, oko ò ṣeé dá láìsí ajá. Ta ni yóò lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo? Ta ni yóò gbó tí màlúù bá yà wọ orí ebè? Nítorí náà, abà ni ajá ń gbé, lọ́dọ̀ ẹni tó ń dáná fún àwọn tó ń roko. Èmi ni mò ń dáná nígbà náà, láti ìgbà tí mo ti lè gbé ìkòkò ka iná títí mo fi lọ sílé ọkọ.

Tí mo bá ti ro ọkà tán, màá fi ọmọorogùn kan ẹnu ìkòkò irin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn tó wà lórí ebè lè mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ajá ló máa ń kọ́kọ́ dé. Abo pupa kan wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ òsì ya. Ó máa ń jókòó jìnnà díẹ̀ sí iná, nítorí ó mọ̀ pé igi ni màá jù lù ú tí ó bá fẹnu kan abọ́. Èépá ọkà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ni tirẹ̀. Mi ò sọ ọ́ lórúkọ rí, ìkòkò yẹn ni mo fi ń pè é.

Iṣu ò fẹ́ ilẹ̀ tó ti gbó. Nígbà tó yá, bàbá mi gbé oko lọ sí òdìkejì odò, ọdún yẹn náà ni mo lọ sílé ọkọ ní Sokodé. A kó ọkọ́, a kó àdá, mo gbé ìkòkò mi. A ò kó ajá. Kò sẹ́ni tó jókòó tó pinnu rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní gbogbo oko wa nìyẹn: oko tuntun á ní ọmọ ajá tuntun, èyí tó wà ní oko àtijọ́ á wá nǹkan jẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n wá a lóòótọ́. Wọ́n bímọ sínú igbó, wọ́n pàdé ajá àwọn oko mìíràn tí wọ́n fi sílẹ̀ bíi tiwa, wọ́n di agbo. Òkété àti ọ̀yà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgùntàn.

Lẹ́yìn náà ló kan ìyá mi. Àsìkò tí èso emi tí a fi ń ṣe òrí ń já ni, ó sì ti jáde láti àárọ̀ kùtù lọ ṣà á lábẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́bàá abà wa àtijọ́. Àwọn ajá náà sáré jáde, ọ̀kan bù ú jẹ ní ojúgun. Nígbà tó délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fọ ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀méje, ó fi yẹ̀pẹ̀ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú méjèèje, bí a ti ń fọ abọ́ tí ajá bá lá, kí ìrun rẹ̀ lè dára. Ó kí Àílà tán kó tó sọ fún àbúrò mi ọkùnrin pé ajá bu òun jẹ. Àbúrò mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n gba ọ̀nà Tchamba, wọ́n sì wá bá mi ní Sokodé.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí mo mú wọn lọ gbọ́ àlàyé wa, ó mi orí. Ó ní, “Omi yẹn dáa, maman. Yẹ̀pẹ̀ ni kò dáa.” Ó béèrè bóyá a lè rí ajá náà mú, kí wọ́n wo bóyá dìgbòlugi ni. Ta ló fẹ́ mọ èyí tó bù ú jẹ nínú wọn? Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó máa gbà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ìyá mi dúró tì mí ní Kouloundè, àdúgbò wa ní Sokodé.

Ní Kambolé, àwọn àgbà pinnu pé kí wọ́n pa gbogbo àwọn ajá náà. Mi ò lè sọ pé wọ́n ṣìnà. Àwọn obìnrin ò lè jókòó sílé kí èso emi jẹrà mọ́lẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ajá náà bá sì ya dìgbòlugi, ẹni tí yóò bù jẹ lẹ́yìn ìyá mi lè má rí ẹni gbé e dé Sokodé. Àwọn ọdẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ipasẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Àbúrò mi wá pè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, bàbá ní kí ẹ máa bọ̀. Ẹ gbé ìkòkò yẹn dání.”

“Ìkòkò wo?”

“Èyí tí ẹ fi ń dáná ní abà.”

Ó ti yé mi kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní kó sọ fún bàbá pé èmi kì í ṣe ọdẹ, mo sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìyá mi wà lórí ẹní, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Lọ, ọmọ mi. Èmi ti gba abẹ́rẹ́. Àwọn tó kù ńkọ́?”

Mo lọ. Mo di ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ sínú ìkòkò náà, nítorí mo rò pé màá ro ọkà. Nígbà tí a dé abà, òrùlé ti wó, koríko ti bo ojú ààrò. Àbúrò bàbá mi ni olórí àwọn ọdẹ. Bó ṣe rí mi tí mò ń ṣa igi ìdáná, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

“Má wulẹ̀ ṣòfò ìyẹ̀fun. Ìró rẹ̀ la fẹ́.” Ó rí ojú mi, ó sì fẹ́ tù mí nínú. “Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ọmọ mi. Àwọn wọ̀nyí ti sọnù tipẹ́.”

Mo ní, “Bàbá, àwọn wọ̀nyí máa gbọ́. Ìyẹn náà lẹ ṣe pè mí.”

Òun àti àwọn tó kù fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri abà, wọ́n gbé ìbọn lé èjìká. Mo kan ẹnu ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nǹkan kan ò mì. Mo tún kàn án, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Pupa yẹn ló ṣáájú. Ó ti gbẹ, eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ṣùgbọ́n etí yẹn ni. Mẹ́fà tẹ̀lé e, àwọn yẹn dúró létí koríko nítorí wọn ò mọ̀ mí. Òun wá tààrà. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, jìnnà díẹ̀ sí ààrò tí kò sí iná nínú rẹ̀, ó ń wo ẹnu ìkòkò. Àbúrò bàbá mi juwọ́ sí mi pé kí n yà. Mo yà.

Ìbọn dún, kò sì sí èyí tó sá lọ nínú wọn. Pupa yẹn ò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe síhà igbó, síhà ìkòkò ni. Kùmọ̀ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo wọn sí kòtò kan, àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kórìíra ọpẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà dé Kouloundè lọ́jọ́ kejì, ìyá mi wà nínú àgbàlá, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ti parí.

“Pupa ńkọ́, elétí yíya?”

“Òun ló kọ́kọ́ jáde.”

Ó ní, “Òun ló bù mí jẹ. Ejò ni mò ń lé láàárọ̀ yẹn. Mo fi igi lu bàsíà irin mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi emi, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Wọ́n sáré jáde, mo rò pé wọ́n fẹ́ pa mí ni, mo la igi mọ́ pupa yẹn lórí. Ìgbà yẹn ló bù mí jẹ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

“Ta ló bi mí?”

Ìkòkò náà wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo gbé e kalẹ̀ sí, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe dì í. Ìyá mi ò tíì rí inú rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Kí lo sè fún wọn?”

“Mi ò se nǹkan kan, ìyá.”

Ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì lé orí àpótí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun.