Ilé tí Ọmọ́tọ́ṣọ́ Kọ̀ Nítorí Ọ̀wọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Ọmọ́tọ́ṣọ́ dáadáa, ẹ fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá wo ohun tí yóò ṣe. Yóò ní òun ti yó. Bí ẹ bá tún fi lọ̀ ọ́, yóò ní ẹ má ṣèyọnu. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó na ọwọ́, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni pé ẹ fipá mú un ni. Bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ ní Èkìtì nìyẹn, ọmọ tó bá tètè gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀kánjúwà ni. Ọkùnrin náà ti lé lógójì ọdún kó tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé náà a máa pa ènìyàn lára.

Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹgbẹ́dá. Ó ti ń wù ú tipẹ́ kí wọ́n pe òun ní lọ́yà, ló bá gba fọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òfin ní òpin ọ̀sẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú kíláàsì wọn, ọ̀rọ̀ sì tètè ń yé e, ni àwọn ọ̀dọ́ inú wọn bá sọ ọ́ di olùkọ́ ní ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá kan tí wọ́n ń tọrọ lò ní Ìgandò. Ayọ̀bọ̀ ló ń gbé pẹ̀lú Ìyábọ̀dé ìyàwó rẹ̀ àti Ṣìkẹ́mi ọmọ wọn, wọ́n háyà nínú ilé Alhaja Ràbíátù. Ìyábọ̀dé ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà. Ọ̀nà ibẹ̀ burú débi pé àwọn ọlọ́kadà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ojú wọn á sì bọ́ sára aṣọ tó gbé kọ́. Gbogbo oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ara Alhaja ò gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin. Ni Alhaja bá pe tọkọtaya náà wọ pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Tíṣà, mo fẹ́ ta ilé yìí," ó ní. "Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Owó ẹ̀ ò ní le, ẹ sì lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ máa rà á?"

Inú Ọmọ́tọ́ṣọ́ dùn gan-an. Ilé tiẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló fi dáhùn.

"Háà, Màmá, èmi kẹ̀? Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ kí ilé yín wà fún yín. Ẹ óò pẹ́ fún wa."

Alhaja wò ó títí. Ó ní ó dáa, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí aṣọ tí Ìyábọ̀dé ń bá a rán. Ọmọ́tọ́ṣọ́ jáde pẹ̀lú ayọ̀. Lójú tiẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn; àgbà tó mọ nǹkan yóò tún béèrè. Ó lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò yá a lówó. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ pé ná. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó ń retí ìbéèrè kejì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún tíṣà?

Oṣù ń lọ, Alhaja ò sọ nǹkan kan. Ní Sátidé kan, Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì nípa ìpìlẹ̀ òfin àdéhùn. Ó ṣàlàyé pé àdéhùn kì í dúró àfi kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnìkejì, kí ẹnìkejì gbà á bó ṣe fi lọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, kí olúkúlùkù sì mú nǹkan sílẹ̀ nítorí ohun tí yóò gbà. Bí ẹnìkejì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn. Kò lè padà wá lọ́la kó ní òun ti gbà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hephzibah béèrè pé bí ẹni náà bá kàn fẹnu kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀wọ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé ó fẹ́ ẹ nínú?

Ọmọ́tọ́ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Òfin ò bá ẹnikẹ́ni wọnú ọkàn lọ. Ohun tó bá jáde lẹ́nu ẹ, tí ẹni iwájú ẹ sì gbọ́, òun lòfin máa wò."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí ohun tí òun alára sọ fún Alhaja. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Kò parí iṣẹ́ náà. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì wọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tó dé, Olúgbénga tó ń ta búlọ́ọ̀kù lójú títì wà nínú ọgbà, òun àti ọkùnrin kan ń wọn ilẹ̀.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alhaja. Ó ní òun ti ṣe tán, òun fẹ́ ra ilé. Alhaja ní Olúgbénga ti sanwó, òun sì ti gbà á. Wíwó ni Olúgbénga yóò wó ilé náà láti tún un kọ́, gbogbo wọn yóò sì kó jáde kí oṣù náà tó parí.

"Màmá, mo rò pé ẹ máa tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

"Mo tún béèrè," Alhaja dáhùn. "Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ sígbà yẹn, ẹ ti lọ sí kíláàsì. Mo bá ìyàwó yín nídìí máṣìnnì. Ó ní ohun tí ọkọ òun bá ti sọ náà ni. Ó dùn mí, Tíṣà. Mo ní bóyá ilé mi ò tó yín í gbé ni."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tìbínú-tìbínú. Ìyábọ̀dé ń gé aṣọ lọ́wọ́. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun pé Alhaja wá, ìdí tí kò sì fi gbà á.

Obìnrin náà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ kọ̀ ọ́ níwájú mi. Ṣé kí n wá gbà á lẹ́yìn yín, kí n sọ yín di òpùrọ́ lójú àgbàlagbà? 'Bẹ́ẹ̀ ni' ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì." Ó tún gbé sísọ́ọ̀sì náà. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ ni. Ẹ ò sọ fún èmi náà."

Ìbínú ọkùnrin náà tán síbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ìyábọ̀dé ń sunkún, ó sì ń gé aṣọ náà lọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n máa kó jáde ti sún mọ́lé, aṣọ àwọn ènìyàn ṣì wà nílẹ̀.