Kíbọ́ọ̀dù fún Ọwọ́ Òsì

Iṣẹ́ mi ní Houston ni kí n máa to lẹ́tà àwọn èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì sórí kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, kí n pinnu lẹ́tà tí yóò wà lábẹ́ ìka wo. Èdè Nepali ni mò ń tò lọ́wọ́ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ aládùúgbò mi.

Ọmọ Nepal ni tọkọtaya náà. Ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tèmi nínú apartment wa ní Brays Oaks, mo sì ń pè wọ́n ní Baba àti Ìyá bí a ti í ṣe nílé. Baba ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àìsàn náà pa apá ọ̀tún wọn, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Ìyá kò mọ̀wé kà. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

"Àbúrò," Ìyá ní, "ọwọ́ òsì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé o lè ṣe èyí tí ọwọ́ kan á lè tẹ̀?"

Mo fi Sátidé mélòó kan kó àwọn lẹ́tà tí Baba nílò jù wá sápá òsì. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ láptọ́ọ̀pù kan, mo gbé e sórí itan Baba. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ni tíì. Mo kà á síta. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sáré lọ gbé omi kaná.

Baba ò dúró de tíì, wọ́n ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ lọ. N kò wo ohun tí wọ́n ń kọ, ìka wọn ni mò ń wò. Mo rí i pé lẹ́tà kan jìnnà sí wọn.

"Baba, ẹ jẹ́ n gbé e lọ tún un ṣe. Kò ní pẹ́."

Wọ́n di etí láptọ́ọ̀pù náà mú. Mo rò pé eré ni. Mo rọra gbà á.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi sún lẹ́tà náà sípò. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyókù náà pé pérépéré, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí freeway Katy sì ń jẹ àkókò mi lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Rọpárọsẹ̀ padà wá, Baba ò jí mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe ètò òkú tán, mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ fún Ìyá. Bí mo ṣe ṣí i, ọ̀rọ̀ mélòó kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tíì. Èmi mọ ìró lẹ́tà, n kò gbọ́ èdè. Ìyá gbọ́ èdè, wọn ò mọ lẹ́tà. Mo ń kà á, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀.

"Èmi. Ìwọ. Láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí." Wọ́n sún mọ́ mi. "Máa kà á lọ."

"Ó ti tán, Mà."

"Kò tíì tán. Lédè wa, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun téèyàn ṣe, ìparí gbólóhùn ló máa ń wà." Wọ́n wò mí. "Àbúrò, kí ni Baba ṣe sí mi?"

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní ìlú Humble, nítòsí Houston, ni Ìyá wà báyìí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nígbà mìíràn wọ́n á ní ó dá àwọn lójú pé Baba fẹ́ dúpẹ́ ni. Nígbà mìíràn wọ́n á ní rárá, pé ẹ̀bẹ̀ ni, nítorí Baba ló ní kí àwọn kúrò ní Nepal. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sọ, mo máa ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."