Ọkọ̀ Tí Kò Lámì

Ní Ìbàfò, bí ẹ bá béèrè ẹni tó lè yọ ìwé tí wọ́n kà sínú fóònù kúrò nínú áàpù, kó sì sọ ọ́ di ohun tí rédíò kékeré lè gbé jáde, ṣọ́ọ̀bù Mùsáfírù ni wọ́n máa júwe fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. "Mi ò sọ fáìlì ẹnìkan nù rí," ló máa ń wí fún oníbàárà. Òótọ́ sì ni, títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí.

Ọjọ́rú ni Tíṣà Ọmọlabí ti Ifọ̀ wá bá a. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ó sì nà án lẹ́gba dáadáa nítorí àmì ohùn. "Fi àmì sí i!" Gbogbo ọmọ Ifọ̀ tó bá ti kọjá ogún ọdún ló mọ ohùn yẹn. Ní báyìí, ojú ìyá ti ṣú, agbára káká ló fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀.

"Mùsá, ohùn Tolúwalọpẹ́ ló wà nínú *Ọkọ̀ Bàbá Mi*," ó na fóònù sí i. "Òun ló kà á kí ìjàǹbá mọ́tò yẹn tó mú un lọ. Kò síbòmíì tí mo ti lè gbọ́ ọmọ mi mọ́. Àwọn tó tà á fún mi ń kógbá sílé. Wọ́n ní ká yí ohun tá a bá ti rà padà sí MP3 kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀, pé lẹ́yìn ìyẹn kò ní ṣí mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. *Oko Bàbá Mi* tí mo tún rí níbí ńkọ́?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mo ṣì í rà ni. Ìgbà tí mò ń wá ti Tolú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ni ní oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Bá mi yí òun náà, owó mi ló lọ sí i."

Ìwé méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Mùsáfírù ní iṣẹ́ wákàtí méjì ni, ó bá fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, iná kò wá. Láàárọ̀ Jímọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, ó kú lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́. Àwọn rédíò tó ń lo mẹ́mọ́rì kì í lè gbé lẹ́tà tó lámì jáde, nítorí náà ó ti pẹ́ tí Mùsáfírù ti ń yọ àmì orí àti tìdí kúrò lára orúkọ ìwé gbogbo. Kì í tilẹ̀ rò ó mọ́ kó tó ṣe é.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù nígbà tí kọ̀ǹpútà bi í léèrè: *Oko Baba Mi* ti wà níbí, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí tí jẹnẹrétọ̀ gé sí méjì ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Aago méjìlá lù, áàpù tì. Ó ka ìwé orí mẹ́mọ́rì: mọ́kànlá. Ó tún un kà. Mọ́kànlá. Wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀, ó bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó kí lórí ìrun náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé mẹ́mọ́rì lọ sí Ifọ̀. Íyàpíìsì wà lápò rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kò fi í sétí gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló bà á.

Tíṣà ti wọ aṣọ tó dáa, ó gbé rédíò sórí itan. Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀, ó fi mẹ́mọ́rì sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàbọ̀," ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa irú ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn."

"Ti oko nìyẹn," ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bá mi wá ti ọkọ̀."

Mùsáfírù tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọkùnrin náà fi tún ní ẹ káàbọ̀. Ọwọ́ ìyá kò kúrò lórí rédíò. Ohùn kíláàsì kẹrin ló fi sọ̀rọ̀.

"Mùsáfírù, ṣé o fi àmì sí i?"

Mùsáfírù ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mi ò fi sí i, mà."

Kò sẹ́ni tó pa rédíò. Ọkùnrin náà ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ó ti dé orí bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín.