Àmì Pupa Tó Wà Lára Iṣẹ́ Bàbá

Èmi kọ́ ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi mí ṣe alámòójútó áàpù. Ọ̀gá wa ló rà á fún ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé wa ní Òkè-Ìléwó. Èkó ni ọ̀gá ń gbé, ó sì fẹ́ máa rí i lórí fóònù rẹ̀ ibi tí iṣẹ́ dé ní sáìtì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iṣẹ́ ló wà nínú áàpù náà, látorí ìpìlẹ̀ dórí òrùlé. Ẹni tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi fóònù tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun ti parí, iṣẹ́ náà á sì yí padà sí àwọ̀ ewé. Bí ọjọ́ tí a dá fún un bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni yóò pọ́n. Nítorí pé èmi ni akọ̀wé tó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ọ̀gá ní èmi ni kí n máa bójú tó o, kí n sì máa ran àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan wá láti Èkó láti kọ́ mi. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, “Àǹtí, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n lò, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé kí ló ń rí. Tí ẹ bá ti ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ títí ayé.”

Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo sìn ín dé Kútọ̀ tó wọ mọ́tò, àyà mi já, àfi bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ tí ìyá rẹ̀ sì ti lọ.

Kò pẹ́ tí orúkọ mi ní ọ́fíìsì fi di Àǹtí Ádímìnì. Ẹnì kan á gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ẹlòmíì á ní iṣẹ́ òun ti pòórá. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri pé torí kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa dá dúró ni wọ́n ṣe ra áàpù yìí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bu omi mu, obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó bi mí pé, “Ṣé ìwọ náà wá di ẹni tó ń ṣọ́ wa fún wọn ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí áàpù náà wò kí n tó wẹ̀ láàárọ̀, kí n lè mọ iṣẹ́ ta ló ti pọ́n.

Ti Bàbá ló pọ̀ jù. Bàbá ni fóòmaǹ wa. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí èmi tó dé, àwọn ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bíríkìlà wa níṣẹ́. Ọmọ Ìtòkú ni. Aṣọ ni gbogbo ilé wọn ń tà, àmọ́ Bàbá ní ọwọ́ àwọn fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí, kò sẹ́ni tó ń tún un yẹ̀ wò. Síbẹ̀, nínú áàpù, ńṣe ló dà bíi pé wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo gba ẹ̀gbẹ́ sáìtì wa ní Àsẹ̀rò kọjá lọ́jọ́ kan, mo sì fojú ara mi rí òrùlé tí wọ́n ti kàn tán. Mo ṣí fóònù, òrùlé yẹn kan náà pọ́n kalẹ̀ níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ ò tíì tẹ ti Àsẹ̀rò.”

“Màá tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi.”

Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti tún un kọ́ wọn, ẹ̀yìn ni Bàbá jókòó sí, wọ́n ní fóònù àwọn ti kú. Mo rò pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín wò mí ni, èmi ọmọ àná tó ń pàṣẹ fún àgbà.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ọ̀gá pè mí. “Kí ló dé tí gbogbo iṣẹ́ Bàbá fi pọ́n? Tó bá ti rẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi. Mò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè.”

“Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn, sà.”

“Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni kí n gbà ni, àbí èyí tí mò ń fojú rí?”

Lẹ́yìn tó ti gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣí áàpù náà lórí kọ̀ǹpútà. Alámòójútó lágbára láti tẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá tẹ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, ilẹ̀ kò ní í ṣú kó tó parí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ni áàpù yóò kọ síbẹ̀, ọ̀gá yóò sì rí orúkọ mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìtòkú. Ìyàwó Bàbá kí mi káàbọ̀, ó sì lọ bu omi wá. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún Bàbá ohun tí ọ̀gá wí. Mo ní kí wọ́n mú fóònù wọn jáde. Wọ́n mú un jáde, wọ́n kàn dì í mú. Ó ń ṣe mí bíi kí n já a gbà. Mo rántí ọmọbìnrin Èkó yẹn, mo sì fa àga mọ́ wọn.

“Bàbá, kí lẹ ń rí?”

Wọ́n gbé fóònù náà jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Iná ni mò ń rí. Mi ò rí ohun tó wà nínú ẹ̀.” Wọ́n gbé fóònù sórí itan. “Ojú ọ̀tún ti lọ tipẹ́. Ti òsì ló kù, kùrukùru sì ti ń bo òun náà.”

“Báwo lẹ wá ṣe ń ṣiṣẹ́?”

“Mo máa ń fọwọ́ pa ògiri. Tó bá wọ́, ọwọ́ mi á sọ fún mi.”

Mo rántí òrùlé Àsẹ̀rò. Mo rántí àkàbà tí wọ́n máa ń gùn, tí àwa á dúró nísàlẹ̀ tí a ó máa yìn wọ́n pé ara wọn ṣì le. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé áàpù yẹn lé mi lọ́wọ́, ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ìwọ nìkan.”

Ìyàwó wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Èmi náà mọ̀,” ló wí. “Mo ń retí ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún mi ni.”

Bàbá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ̀gá. Mo ní mi ò lè ṣèlérí. Mo ní, “Bàbá, àkàbà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ọ̀gá.” Lẹ́yìn náà ni mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè sọ lẹ́tà orí fóònù di ńlá, àti bí wọ́n ṣe lè jẹ́ kó máa ka ohun tó wà níwájú wọn sókè. Ìka tiwọn ni wọ́n fi tẹ òrùlé Àsẹ̀rò. Fóònù náà fi Gẹ̀ẹ́sì bíi ti òyìnbó gidi sọ pé iṣẹ́ ti parí, ìyàwó wọn sì rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Síbẹ̀, nígbà tí mo dìde láti máa lọ, Bàbá kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe ní Mọ́ńdè.

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, mo tètè dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá dé, ó pe Bàbá sí yàrá ìpàdé, ó ní kí èmi náà gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Kó tó la ẹnu, Bàbá ti sọ ọ́.

“Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú mi ni.”

Ọ̀gá yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Ta ló wá ń gun òrùlé láti ọjọ́ yìí?”

“Èmi náà ni.”

Inú bí ọ̀gá gan-an. Ó ní ṣé Bàbá fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àkàbà mọ́, kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá jáde láìwo ẹ̀yìn, mo sì rò pé ó ti parí. Ìgbà tó di ọ̀sán ni ọ̀gá pè mí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá ilé ìwòsàn ojú tó dáa fún wọn.

Dókítà ní ojú ọ̀tún kò lè padà bọ̀ sípò. Ó ní tí wọ́n bá ń kán oògùn sí ti òsì láìpa á jẹ, èyí tó kù níbẹ̀ kò ní í lọ. Ọ̀gá dá Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n wà báyìí. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń bójú tó, wọ́n sì ń kọ́ àwọn bíríkìlà tuntun. Bàbá fúnra wọn ló ń tẹ iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá bá mi pé fóònù ti sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo èèyàn ló yíjú. A jọ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn ará ọ́fíìsì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa wà. Bí Bàbá bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀, mi ò sì ní í mí kanlẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn á fi kan ilẹ̀.