Ọ̀dà Olómi Lórí Àpá Ọrùn Mi

Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán nítòsí Ìyànà-Ìbà. "Mọ́mì" ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ìkòkò àti ọsàn la yà. Ní ìkejì, ọwọ́ àti aṣọ. Ní ìkẹta, wọ́n ní kí kálukú ya ojú ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Sítóòfù ló bú gbàmù mọ́ mi nílé wa ní Òkókómáíkò lọ́jọ́sí. Ọlọ́run yọ mí, ṣùgbọ́n iná jẹ ọrùn mi dé abẹ́ etí. Láti ìgbà náà, n kì í jáde láìfi ṣíkáàfù wé e.

Ilé ni mo ti ya àwòrán náà níwájú dígí, pẹ̀lú ọ̀dà olóróró tí kì í tètè gbẹ. Mo ya àpá náà bó ṣe rí gan-an. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbé iṣẹ́ wa kọ́ fún gbogbo kíláàsì, n kò fẹ́ kí wọ́n rí i mọ́. Mo fi ọ̀dà olómi bo àpá náà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ wa tipẹ́ pé ọ̀dà olómi kì í dúró lórí olóróró.

"Háà, Mọ́mì! Ọmọ ogún ọdún lẹ yà yìí o!" ni ọmọbìnrin kan wí. "Ọṣẹ wo lẹ ń lò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa, tí àbúrò mi pàápàá jù lọ́jọ́ orí, sún mọ́ àwòrán mi. Ọ̀dà náà ti ń ká kò. Ó fi èékánná kàn án, ó sì bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Àpá yọ. Ẹ̀rín dá.

"Kí ló ṣe ibí yìí, mà?"

"Ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi, sà."

"Níbo lẹ ti rà á?"

Mo dárúkọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní ìyànà, ẹni tó máa ń gbé àpótí fún mi kí n jókòó.

"Ẹ gbọ́ o," ni olùkọ́ wí, "ẹ má rà níbẹ̀ mọ́."

Mo gbé àwòrán mi sọ̀kalẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà rí mi tí mò ń kọjá. Ó tún gbé àpótí jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín kò wá mọ́ o. Ṣé wọ́n ti gba ìsinmi ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gba ìsinmi. Mo fa ṣíkáàfù mi sókè, mo sì ń lọ.