Ẹni Tó Ń Kí Ọkọ Aránṣọ Káàbọ̀

Ọjọ́ tí Aránṣọ kó ẹrù rẹ̀ wọ ilé ọkọ gan-an ni owú ti bá a lálejò. Ó ti pẹ́ kó tó lọ́kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ ọlọ́mọ, tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa fẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ní òun fẹ́ ẹ, Aránṣọ pinnu pé òun á ṣe ìyàwó débi tó yẹ ká ṣe é dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bó ṣe gbọ́ ìró géètì, ó fọwọ́ tún irun ṣe, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ pàdé ọkọ rẹ̀.

Kó tó débẹ̀, ẹlòmíì ti kí i.

"Ẹ káàbọ̀ o, olówó orí mi," ohùn obìnrin kan wí láti ara ògiri. Ohùn náà dùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé ẹni tó ni ín fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣé o," kó tó wá gbójú sókè rí ìyàwó tuntun tó dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Ta nìyẹn?" Aránṣọ béèrè.

Tíṣà sọ ojú sílẹ̀. "Ẹnjíníà ni."

Ẹnjíníà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ilé náà débi pé ó ń dá ṣiṣẹ́. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ á tàn bí èèyàn bá ń kọjá, ẹ̀rọ tó ń fa omi á dákẹ́ bí táǹkì orí òrùlé bá kún, ilẹ̀kùn á sì ké bí wọ́n bá gbàgbé láti tì í. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná mélòó kan tí wọ́n tò léra lọ, ló ń ṣe kòkáárí gbogbo rẹ̀. Inú yàrá ìkẹ́rùsí ló wà, lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ọ̀dà.

Tíṣà ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Gílóòbù tí ilé-iṣẹ́ kan ń darí láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Kí wọ́n tó lè tan iná nínú yàrá ara wọn, àṣẹ á kọ́kọ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, á wá padà. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kógbá sílé, gílóòbù di ẹrù ààtàn. Ni Ẹnjíníà bá búra pé ohun kankan nínú ilé òun ò tún ní máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ará ìta mọ́. Ó ra kọ̀ǹpútà kékeré, ó kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí fóònù Tíṣà bá ti bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé pàdé lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ohùn náà á kí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń jáde kúrò nínú ọgbà.

"Ó dáa," ni Aránṣọ wí. Kò dáa rárá.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ògiri díje. Bó bá gbọ́ géètì, á ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á sáré. Ohùn náà á ṣì ṣáájú rẹ̀. Ó gbìyànjú kó máa jókòó de ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ògiri ni Tíṣà ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó mú fóòmù tí wọ́n ń fi sí èjìká kóòtù, ó fi dí ojú ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ohùn Ẹnjíníà wá ń rọra jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí sétí ọkọ rẹ̀. Ìyẹn tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kíá ló yọ fóòmù rẹ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni pé ilé náà ò mọ òun alára. Ó ń kí Tíṣà. Ó ń kí ọmọbìnrin Tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń gbé pẹ̀lú wọn, tí kì í pe Aránṣọ ní ohun mìíràn ju "Àǹtí" lọ: "Ọmọ mi, o ti dé?" Bí Aránṣọ bá wọlé, ògiri á dákẹ́ rọ́rọ́, bíi pé ológbò ló kọjá.

Nígbà tó yá, ó lọ ra ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ kan, rogodo, tó rẹwà, tí obìnrin inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Dádì. Gbogbo ohun tí tọ̀hún ń ṣe lèyí máa ṣe."

Tíṣà ka ìwé tó bá a wá, ó mi orí. "Eléyìí á máa gbọ́ ohun tí a bá ń sọ, á sì máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé wa máa sùn nílé ẹlòmíì."

"Ṣé tìtorí ọ̀rọ̀ ilé wa ni, àbí tìtorí ohùn yẹn?"

Tíṣà gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ bu omi mu. Aránṣọ ka ìyẹn sí ìdáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí bàbá àti ọmọ ṣe jáde, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Iná tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú lára kọ̀ǹpútà náà. "Ìwọ lò ń ṣẹ́jú sí ọkọ ọlọ́kọ," ó sọ fún un, ó sì fa wáyà yọ.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń kọrin. Ó tẹ bọ́tìnnì ara ògiri, iná tàn. Ó tan ẹ̀rọ omi, omi ń lọ sí táǹkì. Ta ló sọ pé èèyàn ò lè gbé ibẹ̀ láìsí Ẹnjíníà? Orin náà dùn mọ́ ọn débi pé kò rántí pé kò sí ẹni tó máa pa ẹ̀rọ omi. Táǹkì kún, ó ṣàn bo òrùlé, ó gba àjà wọlé, orí yunifọ́ọ̀mù tó ti rán tó ti lọ̀ tó sì ti tò jọ ló wá ń dà sí. Ìgbà tí omi kán sí i lọ́rùn ló tó fò dìde.

Ibi tó ti ń fún aṣọ ni ọmọbìnrin náà dé bá a. Ògiri ò kí i. Ó wo omi nílẹ̀, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó jáde pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ yọ ọ́."

"Èmi ni."

"Ṣé ẹni tó ti kú lẹ̀ ń jowú?"

"Òkú wo ló ń kí ọkọ ọlọ́kọ káàbọ̀ lójoojúmọ́?" Aránṣọ fi yunifọ́ọ̀mù tútù lu tábìlì. "Mo lọ́kọ, mo bá ìyáálé nínú ògiri! Bàbá rẹ ò sì fẹ́ kó lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó gbé e mì. Ó jókòó sórí àpótí. "Kì í ṣe Dádì," ó wí lóhùn kékeré. "Dádì ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án. Èmi ni Mọ́mì kọ́. Kí ẹ tó kó wọlé ni Dádì ti bẹ̀ mí pé kí n yọ ìkíni ẹnu ọ̀nà yẹn kúrò, pé kò ní bójú mu fún yín. Èmi ni mi ò gbà."

"Kí ló dé?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ilé ti dùn látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Dádì ń rẹ́rìn-ín. Kọ́tìnnì tuntun wà lójú fèrèsé. Mo ní kí nǹkan kan máa dun ẹ̀yin náà."

Aránṣọ ò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni lè máa jowú òun. Ó ṣe é bákan. Ó béèrè bóyá ohùn náà ti sọnù nígbà tí òun fa wáyà.

"Rárá. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Àmọ́ fáìlì lásán ni níbẹ̀. Níhìn-ín, ó ń bá mi gbé."

Aránṣọ na áyọ́ọ̀nù sí i. "Dìde, jàre. Bá mi lọ aṣọ kí bàbá rẹ tó dé."

Nígbà tí Tíṣà dé, ọmọbìnrin náà ní wáyà ló yọ. Tíṣà wo àwọn méjèèjì, ó ní ó dáa.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọmọbìnrin náà gbé máíkì kékeré sórí tábìlì ìránṣọ. "Àǹtí, ẹ sọ̀rọ̀ síbí. Ẹ má pariwo, kì í ṣe pé ẹ̀ ń bá èèyàn jà." Aránṣọ sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n fi ohùn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àti sí táǹkì, kó máa kéde bí omi bá kún. Wọ́n gbé ohùn Ẹnjíníà lọ sí yàrá ọmọ rẹ̀, kó máa jí i láàárọ̀. Fún ìgbà tí Aránṣọ bá wọlé, ọmọbìnrin náà fi ohùn tirẹ̀ sí i: "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Ó ní kó má retí pé òun á pè é ní Mọ́mì o.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà wọlé. "Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi àtàtà," ohùn Aránṣọ wí láti ara ògiri. Aránṣọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń ṣọ́ ojú ọkọ rẹ̀. Ó rí i tí ojú náà kọ́kọ́ ṣófo, bí ẹni tó fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí kò bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tújú ká. "O ṣé o," ó wí fún ògiri, ní ohùn kan náà tó fi ń dá tọ̀hún lóhùn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí yàrá.

"Èmi alára rèé níbí o!" Aránṣọ ké. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó nílẹ̀.

Owú náà ò tán. Àràárọ̀ ló ń gbọ́ Ẹnjíníà láti yàrá kejì: "Ọmọ mi, dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Nígbà mìíràn, Tíṣà tó ń fá irùngbọ̀n lójú dígí á dá ọwọ́ dúró, á tẹ́tí. Aránṣọ á pè é wá mu tíì, lóhùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní yé pè é títí á fi dáhùn.